Omi ń pa á ju ẹrù lọ: Axle iwájú ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì ní Èkó

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin ọmọṣẹ́, àti ẹ̀yin tó ń ta sípíà ní Ládípọ̀ tí ẹ fi ọjà sílẹ̀ wá sí Mushin níbí. Axle tó wà lórí pákó níwájú yín yìí, irin ńlá tó so táyà méjèèjì pọ̀ lábẹ́ iwájú ọkọ̀, ti Land Cruiser 80 ni, ọkọ̀ àwọn ọdún 1990. A ti ṣí orúnkún ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ibi tí táyà ti ń yà, sílẹ̀, a ò sì nù ún. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ fi ìka kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Gírísì dúdú tó ki bí òrí ló yẹ kó wà níbẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ti ṣàn bí ọbẹ̀ tí wọ́n bomi lé, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi Milo tí wọ́n da mílíìkì sí. Ṣáàfù inú rẹ̀ kò kán. Kúráùn, jíà ńlá inú dífù, kò fọ́. Irin axle náà kò tẹ̀. Síbẹ̀ bẹ́rìn mẹ́rin ló ti bà jẹ́ nínú rẹ̀, oríkèé rẹ̀ sì ti ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ tí sítíárìn bá ti yí dópin.

Ohun tí a wá sọ nìyẹn. Bí oníbàárà bá dé pẹ̀lú fọ́ọ̀-wíìlì tí iwájú rẹ̀ ń pariwo, ohun tó máa ń sọ ni pé axle ọkọ̀ òun kò lágbára, ká bá òun wá èyí tó tóbi sí i. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà nílùú olómi yìí, síìlì ẹlẹ́gẹ́ kan, rọ́bà tó yẹ kó dá omi àti ọ́ìlì dúró, ló jẹ́ kí omi wọlé, omi sì ba iṣẹ́ irin jẹ́. Ẹni tó bá gbé axle ńlá sábẹ́ ọkọ̀ láì mọ ibi tí omi ń gbà wọlé, ńlá náà ni yóò tún wá pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Axle ẹ̀yìn ní iṣẹ́ méjì: ó ń ru ọkọ̀, ó sì ń yí táyà. Ti iwájú ní ẹ̀kẹta, torí táyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dojú kọ ọ̀tún tàbí òsì. Ẹ̀kẹta yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ṣáàfù tó ń gbé agbára láti inú dífù, àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, lọ sí táyà kò lè jẹ́ ọ̀pá gbọọrọ kan mọ́. A ní láti gé e sí méjì níbi orúnkún, èyí tí ìwé ń pè ní knuckle, ká sì fi oríkèé so méjèèjì pọ̀. Ibi tó bá fẹ́lẹ́ ni okùn ti ń já, ibi oríkèé yìí sì ni axle iwájú ti fẹ́lẹ́ jù.

Oríṣi oríkèé méjì lẹ máa bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni kúróòsì, ọmọ ìyá èyí tó wà lára propeller, ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára wá sí dífù. Àwọn axle Amẹ́ríkà bíi Dana 44 àti Dana 60 ń lò ó. Clarence Spicer tó dá iṣẹ́ ṣíṣe kúróòsì ọkọ̀ sílẹ̀ ní 1904, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára páálí Dana Spicer tí ẹ ń tà títí dòní. Kúróòsì le, owó rẹ̀ kò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, fáìsì àti òòlù sì tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í yí geerege tí ó bá ti tẹ̀. Bí táyà bá yà dé 30 digrí, tí ṣáàfù inú ń yí ní eré kan náà, ti ìta yóò máa rọra yóò sì máa sáré: nínú yípo kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ni eré rẹ̀ máa lọ sílẹ̀ dé 0.87 ti inú, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò gòkè dé 1.15. Awakọ̀ á gbọ́ ọ lọ́wọ́, sítíárìn á máa gbọ̀n rìrì bó bá ń yípo lórí ilẹ̀ líle pẹ̀lú fọ́ọ̀-wíìlì títì. Kò sí nǹkan kan tó bà jẹ́ níbẹ̀. Ẹ má tú ọkọ̀ oníbàárà nítorí ìyẹn.

Èkejì ni oríkèé oníbọ́ọ̀lù mẹ́fà, èyí tí Alfred Rzeppa, ẹnjiníà ní Ford, gbé jáde ní àwọn ọdún 1920. Toyota ló fi sínú axle yìí. Birfield ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Ẹ gbé e wò. Àwọn bọ́ọ̀lù náà wà nínú àgò irin, wọ́n ń rìn nínú ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sínú ife. Bó ti wù kó tẹ̀ tó, ìta àti inú ń sá eré kan náà. Ó dára lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó nílò gírísì mímọ́ ju kúróòsì lọ, torí pé bọ́ọ̀lù kékeré ló ń ru gbogbo agbára lórí ojú ọ̀nà tóóró.

Báwo ni agbára náà ti pọ̀ tó? Ká ní ẹ́ńjìnnì ń mú 400 newton-mítà wá, èyí tí ìwé ń kọ ní Nm. Jíà kìíní sọ ọ́ di ìlọ́po 4, jíà kékeré inú transfer, àpótí tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn, sọ ọ́ di ìlọ́po 2.5, dífù tún sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Ó ti di 16,000. Bí ìdajì bá lọ síwájú, 8,000 nìyẹn, tí dífù lásán á sì pín sí 4,000 fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù ń bani, àbí? Ṣùgbọ́n táyà kò ní gbà á. Bí 700 kílò bá wà lórí táyà kan, tí ilẹ̀ sì di táyà mú dé 0.8 ìwúwo yẹn, tí ìdajì gíga táyà jẹ́ 0.4 mítà, bíi 2,240 Nm ni táyà máa gbé kó tó yọ̀. Gbogbo èyí tó kù ló máa lọ sínú yíyí lásán. Táyà ni fíúsì axle. Nígbà tí oníbàárà bá wá fi táyà 37 íńṣì sí i, ìdajì gíga rẹ̀ di 0.47 mítà, fíúsì náà sì ti di bíi 2,630. Kò tíì kan ẹ́ńjìnnì rárá, ẹrù ṣáàfù ti fi bí ìdá kan nínú mẹ́fà pọ̀ sí i. Bó bá tún fi lóòkì, ohun tó ń so táyà méjèèjì pọ̀ kí wọ́n máa yí bákan náà, sínú dífù, táyà kan ṣoṣo tó bá dúró lórí ilẹ̀ líle lè fa gbogbo ohun tó wá síwájú nígbà tí èkejì wà lófuurufú.

Ìdí nìyẹn tí yanrìn etíkun Ẹlẹ́kọ̀ kì í fi í kán ṣáàfù. Yanrìn máa ń jẹ́ kí táyà yọ̀. Ohun tó ń kán an ni kí táyà máa yí fìrìrì nínú yanrìn, kí wọ́n ti pákó sábẹ́ rẹ̀, kó wá gbá pákó mú lójijì. Ìwúwo gbogbo ohun tó ti ń sáré, láti ẹ́ńjìnnì dé táyà, máa dúró lórí oríkèé kan lẹ́ẹ̀kan náà. Tí sítíárìn bá tún ti yà dópin, àwọn bọ́ọ̀lù inú oríkèé ti dé etí ife, ibi tí irin ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ kọ́ awakọ̀ yín ní nǹkan méjì: kó ṣẹ́rí táyà síwájú kó tó tẹ iná, kó sì dá táyà dúró kó tó ti pákó sábẹ́ rẹ̀.

Ó yá, ká lọ sórí omi. Ọkọ̀ ti Third Mainland bọ̀, ó ti ń tẹ bíréèkì láti ìgbà tó ti wọ gò-síló Adéníjì, họ́ọ̀bù, irin àárín táyà tí bẹ́rìn wà nínú rẹ̀, ti gbóná débi pé ọwọ́ kò ṣeé gbé lé e. Ó wọ Victoria Island, òjò ti rọ̀, omi wà ní ìdajì táyà. Họ́ọ̀bù àti dífù tutù lójijì. Afẹ́fẹ́ inú wọn sún kì, ó sì fẹ́ fa òmíràn wọlé. Bí ẹnu ihò ìmí orí axle bá ti dí, tàbí tó wà nísàlẹ̀ omi, ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà kò sí mọ́ àfi etí síìlì. Omi ló máa bá a wọlé. Bí ọkọ̀ náà bá ti dúró nínú omi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti tó. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi ọ̀sà ní iyọ̀ ju ti ìgbà òjò lọ, ti etíkun kò sì nílò àlàyé. Iyọ̀ á gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sójú bẹ́rìn láàárín ìgbà díẹ̀, bẹ́rìn tó bá sì ti ní ihò kò ṣeé fi gírísì wò sàn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n rárá. Ẹ yọ ìdérí ìmí kékeré orí axle, ẹ fi họ́ọ̀sì rọ́bà tí kì í kú sínú ọ́ìlì sí i, ẹ fà á gòkè dé ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ẹ dè é mọ́ ibi tí kò ní kan ẹ́gísọ́ọ̀sì, kí ẹ sì fi fílítà kékeré sí orí rẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú họ́ọ̀sì náà kó má baà já nígbà tí axle bá ń lọ sókè sódò. Bí ọkọ̀ bá ti wọ omi tó bo họ́ọ̀bù, ẹ tú ọ́ìlì dífù lọ́jọ́ kejì. Bó bá ti funfun, omi wà nínú rẹ̀. Ti axle yìí ń gba bíi lítà 2.8 ọ́ìlì jíà GL-5.

Síìlì méjì ni a ní láti mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ìyẹn ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣì mú. Ọ̀kan wà nínú, ní ẹnu páìpù axle, ó ń dá ọ́ìlì dífù dúró kó má wọ inú orúnkún. Èkejì wà lẹ́yìn orúnkún, rọ́bà, fẹ́ẹ̀tì àti irin pẹlẹbẹ ló para pọ̀ jẹ́ ẹ, òun ló ń nu ojú bọ́ọ̀lù irin ńlá tó wà ní ìpẹ̀kun páìpù axle bí orúnkún ti ń yí lórí rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ń kán sí ẹ̀yìn táyà, ti inú ló ti já: ọ́ìlì ti wọ orúnkún, ó ti yọ́ gírísì, ó wá ń ṣàn gba ti ìta. Ẹni tó bá pààrọ̀ ti ìta nìkan, ó dí ẹnu ọ̀nà, olè ṣì wà nínú ilé. Bí bọ́ọ̀lù náà bá gbẹ, tó ní ìlà ìpẹtà, ti ìta ló ti kú, omi àti yanrìn ló ń wọlé. Ẹ fi páálí yanrìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ dán bọ́ọ̀lù kí ẹ tó fi síìlì tuntun sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìpẹtà á gé e láàárín oṣù kan.

Títú rẹ̀. Ẹ yọ nọ́ọ̀tì mẹ́fà ojú họ́ọ̀bù, ẹ óò rí wáṣà onígun tó há mọ́ abẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni sísẹ́ẹ̀lì àti òòlù ti ń ba ọkọ̀ olówó iyebíye jẹ́. Ẹ dá nọ́ọ̀tì padà sórí bóòtù ní yípo méjì tàbí mẹ́ta kí ojú bóòtù má bàjẹ́, ẹ wá fi ọ̀pá bàbà gbá ẹ̀gbẹ́ irin náà. Wáṣà á fò kúrò fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni rìǹgì kékeré orí ṣáàfù, lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ọ̀tì họ́ọ̀bù méjì pẹ̀lú wáṣà tó tẹ̀ láàárín wọn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 54 mílímítà ló bá nọ́ọ̀tì náà mu. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ṣe fọ́ọ̀-wíìlì tí kò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, kó lọ rà á. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi sísẹ́ẹ̀lì tú kò ṣeé fún dé ìwọ̀n mọ́, nọ́ọ̀tì tí kò wà ní ìwọ̀n sì ni ìdí tí bẹ́rìn tuntun fi ń jóná lójú ọ̀nà Ìbàdàn.

Nígbà tí ẹ bá tú orúnkún, ẹ ó rí ṣímù, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń dí àlàfo, lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ so ti òkè mọ́ra, ẹ so ti ìsàlẹ̀ mọ́ra, ẹ má ṣe pò wọ́n pọ̀. Àwọn ló ń mú orúnkún wà láàárín bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá pàrọ̀ ààyè, síìlì inú kò ní jókòó déédéé sí ṣáàfù, á sì tún já. Bẹ́rìn orúnkún tí ojú rẹ̀ ti ní àpá bíi ti èékánná, ẹ jù ú nù, tòun ti ife rẹ̀.

Oríkèé náà ńkọ́? Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú kẹrosíìnì, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi èékánná gba inú ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù. Bí èékánná bá há sí kòtò kan, òun ló ń dún kẹ́kẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ọgbọ́n kan: kí wọ́n yọ oríkèé ọ̀tún kúrò lára ṣáàfù rẹ̀ kí wọ́n fi sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún. Ṣáàfù inú méjèèjì kò gùn dọ́gba, nítorí náà oríkèé nìkan ló ń pààrọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú, bọ́ọ̀lù á wá máa ti ẹ̀gbẹ́ tí kò tíì jẹ. Ọgbọ́n náà ń ṣiṣẹ́, bí kòtò kò bá tíì jìn, tí kò sì sí ìlà fífọ́ lára ife. Ẹ ṣàlàyé fún oníbàárà pé ọdún díẹ̀ ni ẹ rà fún un.

Gírísì tó ní molybdenum ni ti oríkèé. Ẹ fi ọwọ́ tì í wọ inú láàárín bọ́ọ̀lù títí yóò fi yọ lódìkejì, kí ẹ tó kó òmíràn sínú orúnkún dé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ má kún un dé ẹnu, torí bó bá gbóná á wú, á sì ti síìlì jáde. Nígbà tí ẹ bá ń ti ṣáàfù padà, kí ọmọṣẹ́ gbé ìdí rẹ̀ sókè. Eyín orí ṣáàfù mú. Bí ẹ bá fà á lórí síìlì tuntun, ẹ ti gé e kí ọkọ̀ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù.

Kí ẹ tó fi síìlì ẹ̀yìn dì í, ẹ fi ìwọ̀n onísípíríìngì há ihò tí tie rod, ọ̀pá tó so orúnkún méjèèjì pọ̀, ń wọ̀ lára apá orúnkún, ẹ fà á. Kílò 3 sí 5 àti ààbọ̀ ló yẹ kó gbà kó tó yí. Bó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ ṣímù tín-ín-rín kan. Orúnkún tó fúyẹ́ wà lára ohun tó ń mú kí iwájú ọkọ̀ gbọ̀n yìì lójú eré, tí awakọ̀ á rò pé táyà fẹ́ já. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n ra àmúgbọ̀n sítíárìn tuntun, ohun tó ń dín gbígbọ̀n sítíárìn kù. Àmúgbọ̀n á bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Họ́ọ̀bù: ẹ fún nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ dé 59 Nm, ẹ yí họ́ọ̀bù lọ yí i bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí bẹ́rìn jókòó, ẹ tú u, kí ẹ tún un fún dé 5.4 Nm péré. Ìwọ̀n onísípíríìngì kan náà lórí bóòtù táyà gbọ́dọ̀ ka bíi kílò 2.9 sí 5.7. Wáṣà, nọ́ọ̀tì kejì dé 64 Nm, ẹ wá tẹ etí wáṣà, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n yìí àti ti ọwọ́ agbára ni ìyàtọ̀ láàárín bẹ́rìn ọdún púpọ̀ àti bẹ́rìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Fún ẹni tó bá ṣì fẹ́ axle tó tóbi lẹ́yìn gbogbo èyí, torí pé ọkọ̀ rẹ̀ ń ru irin, tàbí táyà rẹ̀ ti kọjá 37 íńṣì, Dana 60 tòkunbọ̀ ni wọn máa ń wá jù. Kúráùn rẹ̀ fẹ̀ ní íńṣì 9.75, ti Dana 44 sì jẹ́ 8.5. Kí owó tó jáde lápò, ẹ wo ibi tí dífù wà. Dífù Dana 60 ti Ford wà lápá òsì. Land Cruiser yìí fẹ́ ọ̀tún, torí ọ̀tún ni propeller iwájú ti ń jáde lára transfer rẹ̀. Èyí tí kò bá bára mu, propeller kò ní gúnlẹ̀, kò sì sí wẹ́dà tó lè bá yín yanjú rẹ̀. Ẹ wá ka eyín jíà: 41 lórí 10 ni 4.10. Iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jọra. Bí iwájú bá jẹ́ 3.73 tí ẹ̀yìn jẹ́ 4.10, transfer máa jẹ ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí ẹni tó ń tà kò bá jẹ́ kí ẹ ṣí dífù, ẹ di táyà kan mú, ẹ yí èkejì ní yípo méjì, ẹ ka iye ìgbà tí ẹnu dífù yí.

Ẹ tún na okùn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun páìpù rẹ̀, lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Axle tó ti gbá gọ́tà máa ń tẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò lè rí, táyà á sì máa jẹ lápá kan títí láé. Ikùn dífù Dana jẹ́ irin dídà, páìpù la tì bọ inú rẹ̀. Kí wẹ́dà má ṣe fi igi wẹ́dìn lásán kan ikùn yẹn. Á dì mọ́ ọn lónìí, á sì fọ́ bí abọ́ lọ́la. Lórí páìpù, kó máa jó o díẹ̀díẹ̀, kó máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, kó jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Omi tí ọmọṣẹ́ ń dà sórí rẹ̀ kó lè yára tutù ló ń fà á tẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ti rin 500 kìlómítà, ẹ pè é padà. Nọ́ọ̀tì tó mú apá sítíárìn mọ́ orúnkún máa ń tú lára Toyota wọ̀nyí, bóòtù rẹ̀ á sì gé nígbà tí ẹni kankan kò retí. 96 Nm ni ti 80. Ẹ fún un, kí ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí bóòtù kọjá nọ́ọ̀tì dé orí irin orúnkún. Lọ́jọ́ tí ìlà náà bá ti yà sí méjì, ọmọdé tó ń fọ ọkọ̀ lásán á rí i.